Hypnosis: Lọ́wọ́ Ta Ni Agbára Náà Wà?

Ní ọdún 1784, nínú ọgbà ilé kan ní Passy, ìlú kékeré tó wà lẹ́bàá Paris nígbà náà, wọ́n fi aṣọ di ọmọkùnrin ọlọ́dún 12 kan lójú, wọ́n sì ń mú un lọ láti ìdí igi kan dé ìdí igi mìíràn. Wọ́n ti jẹ́ kó mọ̀ pé dókítà kan ti fi agbára òòfà sínú ọ̀kan nínú àwọn igi ọgbà náà, àti pé bó bá ti dé ìdí rẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Ní ìdí igi àkọ́kọ́, ó ní òógùn ń bo òun. Ní ìdí ìkejì, ó ní orí ń fọ́ òun. Ní ìdí ìkẹta, ó ní òun mọ̀ pé òun ti ń sún mọ́ igi náà. Nígbà tó dé ìdí ìkẹrin, ó dákú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gan, wọ́n sì gbé e lọ sórí koríko kí ó tó jí. Bẹ́ẹ̀, kò sí igi tí dókítà náà fi agbára sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibòmíràn nínú ọgbà náà ló wà.

Ilé Benjamin Franklin, aṣojú Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ Faransé nígbà náà, ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ọba Louis Kẹrìndínlógún ló gbé ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ dìde, tí Franklin àti Antoine Lavoisier, onímọ̀ kẹ́mísírì, wà lára wọn, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀kọ́ Franz Anton Mesmer wò, dókítà ọmọ Jámánì tó ti Vienna wá sí Paris ní ọdún 1778. Ohun tí Mesmer ń kọ́ni ni pé ohun kan tí ojú kò lè rí ń ṣàn bí omi káàkiri ayé àti nínú ara ẹ̀dá, pé bó bá há síbì kan ni àìsàn ń dé, àti pé òun lè fi ọwọ́ òun darí rẹ̀. Àwọn aláìsàn a jókòó yí àgbá onígi ńlá kan ká, wọ́n a di àwọn ọ̀pá irin tó yọ jáde lára rẹ̀ mú, kò sì ní pẹ́ tí àwọn kan yóò fi máa gbọ̀n, tí àwọn mìíràn yóò máa sunkún, tí ẹlòmíràn yóò sì ṣubú lulẹ̀. Ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kan, Charles Deslon, ló fi agbára sí igi ọjọ́ náà. Ìdájọ́ ìgbìmọ̀ náà kò ṣòro láti lóye: ohun àìrí tó ń ṣàn náà kò sí, ojú inú àwọn aláìsàn fúnra wọn ló ń ṣiṣẹ́.

Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ibẹ̀ ni wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí, nítorí bí ojú inú nìkan bá lè gbé ọmọ kan ṣánlẹ̀ ní ìdí igi lásán, ó yẹ kí ẹnì kan béèrè ohun tí ojú inú kan náà lè ṣe fún ẹni tó wà nínú ìrora. Ìbéèrè yìí ni àwọn tó wá lẹ́yìn wọn fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn sí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú títí di òní: wọ́n ṣì ń wá agbára náà lọ́wọ́ dókítà, níbi tí ọmọ Passy yẹn ti fi hàn pé kò sí.

Ohun tí à ń pè ní hypnosis ni ipò tí ènìyàn bọ́ sí nígbà tó bá pa ọkàn rẹ̀ pọ̀ sójú kan tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ohun tó ń lọ láyìíká rẹ̀ kò fi gba àfiyèsí rẹ̀ mọ́, tí àbá tí wọ́n bá sì dá fún un nínú ipò yẹn yóò máa wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe máa ń rí lọ. Àbá tí mo wí yìí kì í ṣe àṣẹ. Bí mo bá ní kí ẹ gbé ọwọ́ yín sókè, tí ẹ sì gbé e, àṣẹ ni mo pa, ẹ̀yin lẹ sì mú un ṣẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ọwọ́ yín ti ń fúyẹ́, tí ẹ sì rí i pé ó ń gòkè láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ pé ẹ gbé e, àbá ni mo dá, ọkàn yín ló sì sọ ọ́ di ohun tí ara mọ̀. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́.

Orúkọ gan-an ló kọ́kọ́ ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1841, James Braid, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Scotland tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, lọ wo bí Charles Lafontaine, ọmọ Faransé kan, ṣe ń fi ọgbọ́n Mesmer ṣeré níwájú èrò. Ẹ̀tàn ni Braid rò pé òun máa bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i pé lóòótọ́ ni ẹni tí wọ́n ṣe é fún kò lè la ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá àárẹ̀ tó mú ojú ni ìdí abájọ. Nígbà tó délé, ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tẹjú mọ́ ọrùn ìgò wáìnì tí wọ́n gbé sí ibi tó ga ju ojú rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ìpéǹpéjú ọ̀rẹ́ náà fi pa dé, tí orí rẹ̀ sì tẹ̀ síwájú. Ó tún ní kí ìyàwó òun tẹjú mọ́ iṣẹ́ ọnà tó wà lára àwo ṣúgà, bákan náà ló sì rí. Ìgò àti àwo ṣúgà ni. Kò sí òòfà níbẹ̀, kò sì sí ohun àìrí kankan tó ń ṣàn.

Braid mú hypnos, ọ̀rọ̀ àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ tó túmọ̀ sí oorun, ó fi sọ nǹkan náà lórúkọ, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ti kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú kò sùn rárá. Ó wá gbìyànjú ní ọdún 1847 láti fi orúkọ mìíràn tó túmọ̀ sí èrò kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Orúkọ àkọ́kọ́ ti mọ́ aráyé lẹ́nu, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan fi ń pe hypnosis ní oorun títí di òní. Kì í ṣe oorun. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń ka ìgbì iná inú ọpọlọ yẹ ẹni tó wà nínú rẹ̀ wò, ohun tí wọ́n máa rí jọ ti ẹni tó lajú sílẹ̀, kò jọ ti ẹni tó sùn. Ó ń gbọ́ ohun tí à ń sọ, ó lè dáhùn, bí iná bá sì ṣẹ́ yọ nínú ilé, yóò dìde sá jáde bíi gbogbo ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń lọ. Obìnrin kan jókòó sórí àga. Olùdarí ní kó mú ojú kan lára ògiri, kó má gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ló sì ń sọ: pé ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ń wúwo, èyí tó jẹ́ òótọ́, nítorí kò sí ẹni tó máa tẹjú mọ́ ojú kan pẹ́ tí ojú kò ní rẹ̀, pé èémí rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, pé àga gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró. Nítorí pé èyí tó kọ́kọ́ sọ rí bẹ́ẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e kò ṣòro láti gbà. Nígbà tó yá, ojú obìnrin náà ti pa dé. Olùdarí wá ní kó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, kó fi ojú inú rí i pé wọ́n so bàlúùnù ńlá kan mọ́ ọrùn-ọwọ́ rẹ̀, pé bàlúùnù náà ń fà á lọ sókè. Ọwọ́ náà kò kọ́kọ́ mira. Lẹ́yìn náà, ìka kan gbéra, ìka kejì tẹ̀ lé e, gbogbo ọwọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní ìfà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé okùn ló ń gbé e. Bí ẹ bá bi obìnrin náà léèrè lẹ́yìn náà, yóò sọ pé òun kọ́ lòun gbé e, pé ṣe ló ń lọ fúnra rẹ̀.

Iṣan ara rẹ̀ ló gbé ọwọ́ náà, kò sí iṣan ẹlòmíràn níbẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé kò mọ̀ ọ́n lára pé òun ni òun ń ṣe é. Ìmọ̀lára pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ yìí ni àmì tí àwọn olùwádìí fi ń dá hypnosis mọ̀ jù lọ. Ní ti ìbẹ̀rù pé olùdarí lè mú ènìyàn hùwà tó lòdì sí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀, ohun tí àwọn àyẹ̀wò fi hàn ni pé àwọn ènìyàn lè ṣe ohun tó léwu nínú yàrá ìwádìí nítorí pé wọ́n fọkàn tán olùwádìí, àwọn tí wọn kò sì ṣe hypnosis fún rárá ń ṣe ohun kan náà. Ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ẹni tó wà ní ipò àṣẹ ló ń fa èyí, ìgbẹ́kẹ̀lé náà ló sì yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra nípa rẹ̀.

Ní ọdún 1959, Ernest Hilgard àti André Weitzenhoffer ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tó ní ìdánwò 12. Àwọn àkọ́kọ́ rọrùn, bíi kí ọwọ́ wúwo títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Àwọn mìíràn le, bíi kí ènìyàn gbọ́ bí eṣinṣin ṣe ń kùn yí i ká níbi tí kò sí eṣinṣin, tàbí kí ó gbàgbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe títí wọn yóò fi fún un ní àmì láti rántí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń kà sí gbogbo ènìyàn létí, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Ohun tí wọ́n rí, tí ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn sì ti rí lẹ́yìn wọn, ni pé nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú 100 ń ṣe dáadáa gidigidi, iye tó sún mọ́ èyí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ nǹkan kan lára, àwọn tó kù sì wà láàárín. Nígbà tí wọ́n tún dán àwọn kan wò lẹ́yìn ọdún 25, ipò tí ọ̀pọ̀ wọn wà tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà.

Ẹ gbé èyí yẹ̀ wò dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ẹnu olùdarí ni agbára wà, ọ̀rọ̀ kan náà ìbá ti ṣiṣẹ́ kan náà lára gbogbo ènìyàn. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó ń gbọ́ ọ. Kì í sì í ṣe òmùgọ̀ tàbí ọ̀lẹ ọkàn ló ń tètè wọ inú rẹ̀. Kò ní í ṣe pẹ̀lú bí ọpọlọ ẹni ṣe jí tó. Ẹ̀bùn kan ni, bí ẹ̀bùn etí orin.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló mú wa mọ̀ pé wọn kì í díbọ́n. Ìdáhùn kan wá láti Montreal, nínú ìwádìí tí Pierre Rainville àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn ki ọwọ́ bọ inú omi tó gbóná débi tí yóò dùn wọ́n, wọ́n ṣe hypnosis fún wọn, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ wọn. Àbá tí wọ́n dá kò sọ pé omi náà kò gbóná. Ohun tó sọ ni pé gbígbóná rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lára, tàbí pé ó ń ni wọ́n lára gan-an. Omi kan náà ni, ooru kan náà ni. Apá ọpọlọ tó ń gba ìròyìn ibi tí nǹkan ti kan ara kò yí padà, ṣùgbọ́n apá kan níwájú ọpọlọ, láàárín, tó níí ṣe pẹ̀lú bí ìrora ṣe ń ni ènìyàn lára, ń ṣiṣẹ́ sí i tàbí kó dín iṣẹ́ kù gẹ́gẹ́ bí àbá náà ṣe rí. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bóyá hypnosis jẹ́ ipò ọ̀tọ̀ tí ọkàn ń wọ̀, tàbí bóyá ìrètí àti ìfinúwòye tí gbogbo wa ní ló ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó lágbára. Mo ka àríyànjiyàn náà sí pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kò ní láti dúró de ìparí rẹ̀.

Ìrora ni hypnosis ti kọ́kọ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Láti ọdún 1845, James Esdaile, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Scotland, ń gé kókó ńláńlá kúrò lára àwọn aláìsàn ní Hooghly ní ilẹ̀ Íńdíà lẹ́yìn tó bá ti fi ọgbọ́n Mesmer darí wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ìrora, níbi tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n máa ń di àwọn aláìsàn mọ́lẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 1846, ní Boston, William Morton fi éétà kun aláìsàn lóorun níwájú àwọn dókítà, àyè hypnosis sì dín kù wéré. A kò lè bá wọn wí. Éétà ń mú gbogbo ènìyàn, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ohun tí Esdaile ń ṣe lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹni tí kò bá sì ní ẹ̀bùn rẹ̀ yóò kàn jẹ ìrora gbáà ni.

Ohun tó padà wá lónìí kì í bá oògùn akunnilóorun díje, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dúró sí. Ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù, láti ọdún 1992, Marie-Elisabeth Faymonville àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe hypnosis fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún láìkùn wọ́n lóorun pátápátá: wọ́n á fún ojú ibi tí wọ́n fẹ́ gé ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn, pẹ̀lú oògùn díẹ̀ tó ń mú ara balẹ̀, wọ́n á sì darí ọkàn aláìsàn lọ síbi tó fẹ́ràn.

Ìwádìí tí mo máa ń tọ́ka sí jù ni èyí tí Elvira Lang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2000. Àwọn aláìsàn 241 ni, tí dókítà fẹ́ ki rọ́bà tín-ínrín bọ inú òpó ẹ̀jẹ̀ wọn tàbí kíndìnrín wọn nígbà tí ojú wọn là sílẹ̀. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba ìtọ́jú bó ṣe máa ń rí, àwọn kan ní ẹni tó jókòó tì wọ́n tó ń fi tìfẹ́tìfẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, àwọn kan sì ní ẹni tó ń darí wọn sínú hypnosis. Gbogbo wọn ló ní bọ́tìnnì tí wọ́n lè fi béèrè oògùn ìrora. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń pẹ́ sí i ni ìrora ń ga sí i fún àwọn ọ̀nà méjì àkọ́kọ́; ti àwọn tó wà nínú hypnosis dúró sójú kan. Iṣẹ́ náà gba ìṣẹ́jú 78 ní ìpíndọ́gba fún àwọn tó gba ìtọ́jú lásán, ó sì gba 61 fún àwọn ti hypnosis. Ìṣẹ́jú 17 yẹn wú mi lórí ju ohunkóhun lọ, nítorí pé ènìyàn lè sọ pé ìrora òun dín kù láti fi tẹ́ dókítà lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe lè díbọ́n láti mú kí iṣẹ́ dókítà tètè parí.

Ìwòsàn tó tún ní ẹ̀rí tó dájú ni ti àìsàn ìfun tí wọ́n ń pè ní IBS, níbi tí inú ti máa ń run ènìyàn, tí ìgbẹ́ ń ṣe gbuuru tàbí kó má yà dáadáa, tí àyẹ̀wò kò sì ní rí egbò kankan. Peter Whorwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Manchester tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 30 ní ọdún 1984 tó fi hàn pé hypnosis ràn wọ́n lọ́wọ́ ju ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lásán lọ, àti ní ọdún 2008, àjọ NICE tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà ní England fi hypnosis kún ohun tí wọ́n lè ronú sí fún ẹni tí oògùn kò ràn lọ́wọ́ lẹ́yìn oṣù 12. Ó tún ń ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ lórí ìbẹ̀rù ìtọ́jú eyín àti àníyàn ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ní ti sìgá, tí wọ́n ń polówó rẹ̀ fún jù, ẹ̀rí kò fi hàn pé ó dára ju àwọn ọ̀nà mìíràn lọ.

Ibi tó ti lè ṣe ìpalára ni ọ̀rọ̀ ìrántí. Ọ̀pọ̀ gbà pé hypnosis lè hú ohun tí iyè ti gbàgbé jáde bí ẹni hú iṣu. Iyè kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbàkigbà tí a bá rántí nǹkan ni à ń tún un hun, ipò tí àbá ti ń wọni lára sì ni ibi tó burú jù láti hun ún. Ní ọdún 1983, Jean-Roch Laurence àti Campbell Perry ṣe hypnosis fún ènìyàn 27 tó ní ẹ̀bùn rẹ̀, wọ́n dá a lábàá fún wọn pé ariwo kan jí wọn ní òru ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde nínú rẹ̀, 13 nínú wọn gbà pé ariwo náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti California kọ ẹ̀rí ẹlẹ́rìí tí wọ́n fi hypnosis ta iyè rẹ̀ jí ní ọdún 1982, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà sì kìlọ̀ ní ọdún 1985 pé irú ìrántí bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹni náà kò parọ́. Ó ti dá a lójú gan-an ni.

Bí òótọ́ bá wá rí báyìí, níbo ni àwòrán ọkùnrin olójú líle tó ń sọ ènìyàn di ẹrú ti wá? Inú ìwé àti orí ìtàgé ló ti wá. Ní ọdún 1845, Edgar Allan Poe kọ ìtàn kan nípa ọkùnrin kan tí wọ́n ṣe hypnosis fún ní ẹnu ikú, tí òkú rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí oṣù méje. Kò sọ pé àròsọ ni, àwọn òǹkàwé kan sì gbà á gbọ́. Ní ọdún 1894, George du Maurier mú ìwé ìtàn Trilby jáde, níbi tí ọmọbìnrin kan tí kò lè gbé ohùn orin dá ti di ìlúmọ̀ọ́ká akọrin lábẹ́ àṣẹ Svengali, olórin tó ń ṣe hypnosis fún un, tí ohùn náà sì pòórá lọ́jọ́ tí Svengali kú. Ìwé náà gba ìgboro, orúkọ Svengali sì wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó ń fi ibi darí ẹlòmíràn. Kò yẹ ká gbójú fò ó pé Júù ni òǹkọ̀wé náà fi í ṣe, àti pé ìkórìíra àwọn Júù tó wọ́pọ̀ nígbà náà wà nínú bó ṣe yà á. Ní ọdún 1920, fíìmù Jámánì kan, The Cabinet of Dr. Caligari, fi ọkùnrin kan hàn tí ọ̀gá rẹ̀ ń rán jáde lóru láti lọ pànìyàn nínú oorun. Nínú gbogbo wọn, ọwọ́ ẹnì kan ni agbára wà, ẹni kejì sì ṣófo. Ìbẹ̀rù gidi ni wọ́n ń sọ, ìbẹ̀rù kí ẹlòmíràn gba ìfẹ́ inú wa mọ́ wa lọ́wọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n tí wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ìròyìn.

Ti orí ìtàgé kò nílò àlàyé púpọ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, aṣeré ti dán gbogbo èrò wò, ó ti ní kí wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ kí wọ́n má lè tú u, àwọn tí ọwọ́ wọn lẹ̀ nìkan ló sì pè sókè. Ojú èrò àti ìfẹ́ láti má ba eré jẹ́ ló ṣe èyí tó kù.

Àwòrán kan wà tó sọ ju gbogbo ìwé wọ̀nyí lọ, bóyá láìmọ̀ọ́mọ̀. Ní ọdún 1887, André Brouillet ya Jean-Martin Charcot, àgbà dókítà iṣan ara, níbi tó ti ń kọ́ni ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris. Àwọn ọkùnrin kún yàrá náà, wọ́n na ọrùn, àwọn kan ń kọ̀wé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Charcot, aláìsàn kan, Blanche Wittmann, ṣubú sẹ́yìn sọ́wọ́ dókítà tó dúró tì í. Charcot gbà pé àwọn tó ní hysteria, orúkọ tí wọ́n ń pe gìrì àti ìdákú tí wọn kò rí ìdí rẹ̀ nínú ara nígbà náà, nìkan ni hypnosis lè mú, àti pé ìpele mẹ́ta gédégédé ló ní. Ẹ wá wo ògiri tó wà lẹ́yìn àwọn èrò. Àwòrán obìnrin kan tí àìsàn náà gbé, tó tẹ ẹ̀yìn kọdọrọ bí ọrun, wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni èrò kọ sí i, ṣùgbọ́n aláìsàn ni ojú rẹ̀ kọ sí i. Ohun tí wọ́n ń retí pé kó ṣe wà níwájú rẹ̀ lára ògiri.

Hippolyte Bernheim, dókítà ní ìlú Nancy, sọ ohun kan náà láìlo ọ̀dà: ó ní ìpele mẹ́ta Charcot kò sí níbòmíràn ju Salpêtrière lọ, pé àwọn aláìsàn ibẹ̀ ń kọ́ ọ lára ara wọn àti lẹ́nu àwọn dókítà ni, àti pé àbá ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Bernheim ló jàre. Sigmund Freud, dókítà ará Vienna tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Charcot, tó sì lọ sí Nancy ní ọdún 1889, fi hypnosis sílẹ̀ níkẹyìn, ṣùgbọ́n ẹ̀dà àwòrán Brouillet kò kúrò lára ògiri yàrá tó ti ń gba àwọn aláìsàn.

Nígbà tí ẹnì kan bá wá ń sọ pé orin kan tàbí àwòrán kan ń ṣe òun bíi hypnosis, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè ní lọ́kàn. Àwọn ìlà dúdú àti funfun tí Bridget Riley, ayàwòrán ọmọ England, yà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tó dà bíi pé wọ́n ń mì tí wọ́n sì ń ru bí omi, ojú ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Ẹyinjú wa kì í dúró jẹ́ẹ́ rárá, àwọn ìlà tó sún mọ́ra bẹ́ẹ̀ sì ń mú ká rí mímì náà. Èyí kì í ṣe hypnosis. Ti ewì àti orin tó ń tún ara rẹ̀ sọ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1900, W. B. Yeats, akéwì ọmọ Ireland, kọ ọ́ pé iṣẹ́ ìlù inú ewì ni láti mú wa dúró láàárín oorun àti ìjí, kí ìró kan náà tó ń padà wá máa tu ọkàn lára, kí ìyàtọ̀ inú rẹ̀ má sì jẹ́ ká sùn.

Kì í ṣe àfiwé lásán. Josephine Hilgard, dókítà ọpọlọ àti ìyàwó Ernest, fi ọ̀rọ̀ wá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Stanford lẹ́nu wò, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1970. Àwọn tó ṣe dáadáa lórí òṣùwọ̀n ọkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àwọn tí ìwé ìtàn máa ń gbé lọ pátápátá, tí wọ́n ń pè tí wọn kì í gbọ́, tí eré orí ìtàgé máa ń sọ di ẹ̀dá inú eré náà, ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ẹni tó bá ti sunkún rí nítorí ẹni tí kò sí láyé, tó wà nínú ìwé nìkan, ti tọ́ díẹ̀ wò nínú ohun tí à ń sọ yìí.

Nígbà mìíràn, iṣẹ́ ọnà ló tún ń jàǹfààní rẹ̀. Sínfónì (orin ńlá fún ọ̀pọ̀ ohun èlò orin) àkọ́kọ́ tí Sergei Rachmaninoff, olórin ọmọ Rọ́ṣíà, kọ kùnà ní ọdún 1897, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kọ orin mọ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ní ọdún 1900, ó ń lọ sọ́dọ̀ dókítà Nikolai Dahl ní Moscow, ẹni tó ń lo hypnosis, tó sì ń tún un sọ fún un níbi tó dùbúlẹ̀ sí pé yóò kọ kọ̀ǹsẹ́tò rẹ̀ (orin ńlá tí ohun èlò kan ti ń ṣáájú àwọn yòókù), pé yóò rọrùn fún un, pé yóò sì dára gan-an. Wọ́n tún máa ń sọ̀rọ̀ nípa orin, nítorí olórin ni dókítà náà fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá àbá ni tàbí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà ló ṣe é. Kọ̀ǹsẹ́tò kejì fún dùùrù parí ní ọdún 1901, Dahl ló sì fi í sọrí. Bí Svengali bá kú, ohùn Trilby á kú. Nígbà tí Rachmaninoff fi ọ̀dọ̀ Dahl sílẹ̀, ó ń bá orin kíkọ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ fún àìsàn, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà yẹ òun wò, nítorí ìrora lè jẹ́ àmì ohun tó nílò ìtọ́jú kíákíá, dídín in kù láìmọ ìdí rẹ̀ sì léwu. Ẹni tí ó ń gbọ́ ohùn tí kò sí, tàbí tó ń rí ohun tí kò sí, kò gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà ọpọlọ mọ̀ sí i. Kí olùdarí jẹ́ ẹni tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú àìsàn náà bí kò tilẹ̀ sí hypnosis rárá. Kí a sì yẹra fún ẹni tó bá ṣèlérí pé òun yóò hú ohun tó sin láti ìgbà èwe jáde.

Olùdarí tó mọ iṣẹ́ yóò kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe máa ṣe é fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé mélòó kan, ẹni tí ìfun ń yọ lẹ́nu náà jókòó nílé, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn, ó di ojú, ó ń fọkàn sí i pé ọwọ́ náà ń móoru, pé ooru náà ń wọlé, pé ìfun tó ti fún pọ̀ ń tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun nìkan ló wà nínú yàrá náà.